Ẹyẹ etíkun àti ìkarahun òkun ní Galveston nígbà òtútù: kí ni a lè kó, kí ni ó yẹ kí a fi sílẹ̀?

Ìyá Àìná (Houston)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ gbogbo. Màmá mi dé láti Ìjẹ̀bú-Òde ní ìparí oṣù kọkànlá láti bá wa ṣe ọdún, dókítà wọn sì ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n máa rìn dáadáa nítorí orúnkún wọn. Àdúgbò tí à ń gbé kò dára fún ẹlẹ́sẹ̀, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etíkun Galveston ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nítorí pé kò ju nǹkan bí máìlì 50 lọ láti àárín ìlú Houston. Èrò mi ni pé a ó kàn rìn díẹ̀ kí a sì padà sílé, ṣùgbọ́n ìrìn náà ti di ohun tí gbogbo ilé ń retí láti ọjọ́ Ajé, nítorí pé etíkun máa ń dá nígbà òtútù, iyanrìn tí omi ti rin a máa le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà, ẹyẹ sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ṣe ń rí wọn nígbà ooru lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Àwọn kékeré kan wà, ikùn wọn funfun, ẹ̀yìn wọn sì dà bí eérú, tí wọ́n máa ń sáré tẹ̀lé omi bí ìgbì bá ti ń padà sínú òkun, tí wọ́n á tún yí padà sáré wá sókè kí ìgbì tó ń bọ̀ má baà bá wọn, ẹsẹ̀ wọn a sì máa yára débi pé ojú kò lè tọ̀ ọ́. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Àwọn mìíràn máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, bíi 20 tàbí 30 lójú kan náà, tí màmá fi ń bi mí pé ta ni ó gé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹyẹ yìí, tí n kò sì rí èsì kankan fọ̀.

Ìbéèrè kejì ni ó dùn mí jù. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 8, ń ṣa ìkarahun, a sì ń kó wọn sínú ọ̀rá wá sílé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òórùn burúkú gba yàrá rẹ̀ kan, nígbà tí a sì tú ọ̀rá náà, a bá akàn kékeré kan tó ti kú sí ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ìkarahun yẹn. Ọmọ náà sunkún títí, oorun kò sì kun èmi náà lóru ọjọ́ náà, nítorí pé ọwọ́ wa ni ẹ̀dá yẹn kú sí láìjẹ́ pé a mọ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ èyí tó ṣófo yàtọ̀ sí èyí tí nǹkan ń gbé inú rẹ̀?

Ìkẹta ni pé màmá rí ìkarahun kan tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, gígùn rẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé owó ẹyọ ni. Wọ́n tún rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí ihò kékeré kan wà lára wọn, ihò náà sì rí róbótó bí ẹni pé oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ni ó lu ú. Wọ́n ní kí n béèrè bóyá ènìyàn kàn lè máa wọ ilé Olókun kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀.

Alárìnká Bolivar (Texas)

Ìyá Àìná, ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí orúnkún wọn mókun. Ìgbà òtútù kọkànlá nìyí tí mo ti ń rin etíkun Galveston àti ti Bolivar tó wà ní òdìkejì omi, inú mi sì dùn gan-an pé ẹnìkan béèrè ọ̀rọ̀ yìí ní èdè wa, nítorí náà ẹ má bínú bí èsì mi bá gùn.

Orúkọ àwọn tó ń sáré tẹ̀lé ìgbì ni sanderling. Bí ìgbì bá ti ń padà, ó máa ń hú àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú iyanrìn síta, àwọn bí edé tí kò ju èékánná lọ, ekòló òkun, àti àwọn ìkarahun olójú méjì (èyí tó ní abala méjì tó ń pa dé mọ́ ara wọn) tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní coquina. Gbogbo wọn a tún yára wa ilẹ̀ wọlé padà, ìdí sì nìyẹn tí ẹyẹ náà kò fi ní àyè láti fi ẹsẹ̀ palẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó wo ipasẹ̀ wọn lórí iyanrìn tútù: ìka mẹ́ta tó kọjú síwájú nìkan ni yóò rí, nítorí pé sanderling kò ní ìka ẹ̀yìn bí àwọn ìbátan rẹ̀ yòókù ṣe ní. Ìpẹ̀kun àríwá ayé ni wọ́n ti ń yé, ní ilẹ̀ Kánádà àti Greenland níbi tí igi kò ti ń hù, òtútù ọ̀hún ni ó sì ń lé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ohun tí màmá ń pè ní òtútù Texas, ibi ìyáná ni lójú wọn.

Kò sí ẹni tó gé ẹsẹ̀ àwọn tó ń dúró lẹ́sẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ ẹyẹ kò ní ìyẹ́, ibẹ̀ sì ni ooru ara ti ń sá jáde jù, nítorí náà wọ́n ń ká ọ̀kan mọ́ abẹ́ ikùn níbi tí ìyẹ́ ti nípọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ki ọwọ́ bọ àpò. Bí ẹ bá sún mọ́ wọn díẹ̀, púpọ̀ nínú wọn yóò fi ẹsẹ̀ kan náà tọ lọ síwájú dípò kí wọ́n sọ èkejì kalẹ̀, èyí ni ó fi ń dà bí ẹni pé aláàbọ̀ ara ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sún mọ́ wọn jù, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mo ń rí àwọn òbí tó ń ti ọmọ wọn láti sáré lé ẹyẹ kí wọ́n lè ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń fò. Ẹyẹ tó fò láti àríwá ayé wá síbí wá láti jẹun ni, kó lè sanra padà kí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún tó pè é lọ sílé, gbogbo ìgbà tí a bá sì lé e fò, ọ̀rá ara rẹ̀ ni ó ń ná. Bí gbogbo wọn bá dẹ́kun jíjẹun, tí wọ́n gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti dé ibi tó yẹ kí ẹ dúró. Ẹ jókòó lórí iyanrìn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ó rí i pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní piping plover, àwọ̀ rẹ̀ bá iyanrìn gbígbẹ mu débi pé ènìyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó rí i. Láti ọdún 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń dáàbò bò ó, etíkun Texas sì wà lára ibi pàtàkì tó máa ń wà nígbà òtútù.

Ní ti ìkarahun, ọjọ́ tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì. Òkun wa níhìn-ín kì í kún púpọ̀, kì í sì í fà púpọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ohun tó ń ṣí ilẹ̀ òkun sílẹ̀ fún wa ni afẹ́fẹ́ àríwá. Bí ọ̀yẹ́ àríwá bá fẹ́ wọlé lálẹ́, tó sì fẹ́ mọ́jú, ó máa ń ti omi sẹ́yìn kúrò létí ilẹ̀, ibi tí omi bò ní àná a sì di pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyanrìn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti rọlẹ̀, ni kí ẹ gbé màmá lọ, ẹ kàn wọ aṣọ tó nípọn fún wọn. Bí ẹ bá lè ní sùúrù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó mọ́tò kọjá sí Bolivar, ọ̀fẹ́ ni. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bolivar Flats jẹ́ ibi ìpamọ́ ẹyẹ. Ògiri òkúta gígùn tí wọ́n mọ wọ inú òkun kí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ má baà dí ni ó dá iyanrìn àti ẹrẹ̀ dúró títí ó fi di pápá. Mo ti rí ẹyẹ avocet níbẹ̀ nínú oṣù kìíní tí iye wọn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí gbogbo wọn tò ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń gbọn ẹnu wọn sọ́tùn-ún sósì nínú omi pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kan náà.

Báyìí ni mo ṣe ń mọ èyí tó ṣófo. Mo máa ń gbẹ́ kòtò kékeré sínú iyanrìn, mo á da omi òkun sí i, mo á kó gbogbo ohun tí a ṣà sínú rẹ̀, mo á sì fi ojú sí i fún bí ìṣẹ́jú 10. Akàn tí ń gbé ilé onílé, irú èyí tó kú mọ́ yín lọ́wọ́, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ síta láàrin àkókò yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbín òkun tó wà láàyè ní ìdérí kan lẹ́nu tó le bí èékánná, tó fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìkarahun olójú méjì tó bá pa ẹnu dé pinpin, alààyè ni. Ẹ̀dá òkun pẹlẹbẹ róbótó tí wọ́n ń pè ní sand dollar, bí ó bá pọ́n tàbí tó dúdú, tí irun kéékèèké bò ó, ó ṣì wà láàyè. Èyí tó ti funfun tó sì dán ni kí ẹ mú. Bí ó bá rú yín lójú, ẹ dá a padà sínú omi, kì í ṣe sórí iyanrìn gbígbẹ. Àwọn tí ẹ bá kó délé, ẹ rẹ wọ́n sínú omi tí ẹ da bílíìṣì díẹ̀ sí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì sá wọn.

Ní ti ihò róbótó yẹn, ìgbín òkun mìíràn ni ó lu ú. Wọ́n ń pè é ní moon snail, ìkarahun tirẹ̀ rí róbótó, ó sì dán. Ó máa ń rìn lábẹ́ iyanrìn, bí ó bá ti bá olójú méjì pàdé, yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ńlá dì í mú, yóò da oje kíkan sí i lára kí ìkarahun rẹ̀ lè rọ̀, yóò sì máa fi ahọ́n rẹ̀ tó le bí ayùn họ ọ́ títí yóò fi wọ inú rẹ̀. Ó lè gbà á ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ wo ihò náà dáadáa: ẹnu rẹ̀ níta fẹ̀ ju ti inú lọ, bí ẹnu àrọ.

Bí ọmọ yín bá rí ìgbín òkun ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ wà lápá òsì nígbà tí ó bá gbé orí rẹ̀ tó ṣóńṣó sókè, tí ó kọ ẹnu ọ̀hún sí ara rẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa bí ó bá ṣófo. Lightning whelk nìyẹn. Apá ọ̀tún ni ẹnu ìgbín òkun tó pọ̀ jù lọ máa ń wà, ṣùgbọ́n òsì ni tirẹ̀, ìpínlẹ̀ Texas sì fi í ṣe ìkarahun àmì ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 1987.

Ará Southend (Essex, Ìlú Ọba)

Ẹ̀gbọ́n Alárìnká ti sọ̀rọ̀ dé ibi tó dára. Mo kàn fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un fún àwọn tó ń kà á láti ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, nítorí pé òkun tiwa yàtọ̀ pátápátá. Ní ẹnu odò Thames, omi máa ń fà sẹ́yìn tó nǹkan bíi máìlì kan, ó sì máa ń padà kíákíá gba inú àwọn ojú ìṣàn tó wà láàrin ẹrẹ̀, débi pé omi lè ti yí ènìyàn ká lẹ́yìn kó tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ wo àkókò kíkún òkun lórí fóònù yín kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń kún láàrin wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, nítorí náà àkókò ti òní kọ́ ni ti ọ̀la. Ìgbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti ìgbà tó bá di àrànmọ́jú ni ó ń kún jù, tó sì ń fà jù.

Ẹni tó fẹ́ wo ẹyẹ, kó dé etí omi ní bíi wákàtí méjì kí òkun tó kún, nítorí pé omi ni yóò máa lé wọn bọ̀ wá bá a. Ẹni tó fẹ́ ṣa ìkarahun, kó lọ nígbà tí omi bá ti fà, kó sì rọra wà nítòsí etí ilẹ̀. Mo fẹ́ràn oystercatcher jù nínú gbogbo wọn: ó dúdú, ó funfun, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n. Láàrin wọn, àwọn kan ń gún ìkarahun láti àárín ojú rẹ̀ méjèèjì, àwọn kan sì ń fi ẹnu lù ú bí òòlù títí yóò fi fọ́. Bí ẹ bá rí ìkarahun mussel tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan fọ́ ní jágajàga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oúnjẹ àárọ̀ ọ̀kan nínú wọn nìyẹn.

Ìkarahun tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa níhìn-ín ń jẹ́ slipper limpet, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó bá oyster tí wọ́n ń kó wọlé dé Essex, ó sì gba etíkun lọ́wọ́ àwọn onílé. Wọ́n máa ń gùn orí ara wọn bí abọ́ tí a tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ abo, àwọn tó kéré lókè jẹ́ akọ, bí akọ bá sì dàgbà, yóò di abo. Ó gbà mí lọ́dún méjì kí n tó gbà pé òótọ́ ni.

Ẹ tún wo pátákó ìkìlọ̀ tó bá wà ní etíkun yín, nítorí pé òfin ọdún 1949 fún ìjọba ìbílẹ̀ Ìlú Ọba ní agbára láti ka kíkó òkúta àti iyanrìn etíkun léèwọ̀.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ kú àkíyèsí o. Kí màmá má bínú, ohun tí wọ́n rí kì í ṣe owó ẹyọ. Bí ó bá gùn, tó dán, tí orí rẹ̀ sì ṣóńṣó, tí àmì kan bí ìkọ̀wé wà lára rẹ̀, lettered olive ni ó máa jẹ́. Owó ẹyọ kúrú, ikùn rẹ̀ tẹ́, ẹnu rẹ̀ sì la tóóró láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, pẹ̀lú eyín ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí màmá fi ìka tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, wọn yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé etíkun tiwa kọ́ ni àwọn baba wa ti ṣa owó ẹyọ tí wọ́n ná. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni àwọn oníṣòwò ti ń kó o lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n tó kó o wá sí Whydah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, àti etíkun wa níhìn-ín, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó ẹrú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Jámánì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi kejì tó tóbi díẹ̀ wá láti Zanzibar. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ihò ara owó ẹyọ ìgbàanì yàtọ̀ sí ti ìgbín òkun tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé: ẹ̀yìn rẹ̀ ni ènìyàn fọ́ kí okùn lè gbà á kọjá, etí ihò náà a sì rí wúruwùru.

Nígbà ọyẹ́ ni mo máa ń rí sanderling níhìn-ín lójú iyanrìn, tí wọ́n ń sáré níwájú ìgbì gẹ́gẹ́ bí Ìyá Àìná ṣe sọ. Lára àwọn tó ń yé ní Greenland, àwọn kan ń dúró sí Ìlú Ọba, àwọn kan ń bọ̀ dé Ghana, àwọn mìíràn sì ń lọ títí dé Namibia. Nítorí náà ẹyẹ tí màmá ń wò ní Galveston ní ẹbí nílé.

Ìyá Àìná (Houston)

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. A padà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn tí ọ̀yẹ́ àríwá fẹ́ mọ́jú, omi sì ti fà sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ọmọ mi gbẹ́ kòtò rẹ̀, ó kó ìkarahun 14 sínú rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ni ó na ẹsẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbé wọn padà sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá jókòó lórí àga tí a gbé dání, àwọn sanderling sì wá débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gun bàtà wọn. Màmá ti fi ìka tọ́ ẹnu ìkarahun tó ń dán náà wò, wọ́n gbà pé kì í ṣe owó ẹyọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò mú un lọ sí Ìjẹ̀bú síbẹ̀.

A rí ẹyẹ kékeré kan tó dá dúró lókè níbi iyanrìn gbígbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti iyanrìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ọsàn. Òrùka kéékèèké wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, àwọ̀ ewé wà nínú wọn, àwọ̀ dúdú náà wà. Ta ni ó fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀, kí sì ni ó yẹ kí n ṣe?

Alárìnká Bolivar (Texas)

Piping plover gan-an nìyẹn, orí yín mà ṣiṣẹ́ o! Àwọn onímọ̀ ẹyẹ ni wọ́n fi òrùka náà sí i, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ti pa ẹyin rẹ̀ ni wọ́n ti fi sí i, ní àríwá Amẹ́ríkà tàbí ní Kánádà, kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ nígbà òtútù àti bóyá ó ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá tún rí i, ẹ má lé e kí ẹ lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ dúró lókèèrè, ẹ fi fóònù fa àwòrán rẹ̀ sún mọ́ yín, kí ẹ sì kọ àwọ̀ òrùka kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì kí ẹ tó kọ ti ọ̀tún. Òsì ti ẹyẹ náà ni mo ń wí, kì í ṣe òsì ẹ̀yin tó kọjú sí i; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ fi ọjọ́, àkókò àti ibi tí ẹ ti rí i kún un, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Bird Banding Laboratory ti ìjọba Amẹ́ríkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní reportband.gov. Bí àwọ̀ tí ẹ kọ bá pé, wọ́n lè sọ ibi tí wọ́n ti fi òrùka sí i àti ọdún tí wọ́n fi í sí i fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, bí èsì bá dé, ẹ kọ ọ́ síbí.